Ilẹ̀kùn Òde Lára Ògiri Àjàdí

Àjàdí. Àjàdí ọmọ atẹsẹ̀-po-amọ̀ kí àlejò ó tó ríbi sùn. Ọmọ ilé tí òjò ń rọ̀ láàárín rẹ̀ tí ará ibẹ̀ kò tutù. Ọmọ abomi-fálejò kí wọ́n tó bi í pé níbo ló ti wá. Àjàdí, a-mọ-ògiri-má-wọ́, olówó orí mi, sùn un re.

Gbogbo orúkọ ló wà lórí mi. Mo mọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ amọ̀, ẹni tó pọn omi, ẹni tó jókòó lásán tó ń fi ẹnu ràn wá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ní n má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Oríkì nìkan ni wọ́n gbà fún mi, mo sì gbà bẹ́ẹ̀, nítorí oríkì kì í gbé ẹnikẹ́ni lọ sílé ẹjọ́. Èmi ni Àjíkẹ́, ìyàwó rẹ̀. Ìwé kẹta ni mo kà nílé ìwé míṣọ́n kí bàbá mi tó sọ pé ó tó. Bí ẹ bá rí ibi tí mo ti ṣì í kọ, ẹ bá mi tún un ṣe.

Èsìẹ́ ni ilé wa. Ilé àkòdì ni Àjàdí bá lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, òun náà sì jẹ́ ọ̀mọlé bíi bàbá rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì dé ilé àkòdì rí, kó fọkàn wo ilé ńlá tí yàrá yí i po, tí wọ́n dá àárín rẹ̀ sí gbangba, tí òrùlé dà sínú, tí omi òjò ń ṣàn wá sínú ìkòkò ńlá tó wà níbẹ̀. Gbogbo ilẹ̀kùn yàrá ló kọjú sí àárín yìí. Ẹyọ kan ṣoṣo ló jáde sóde, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ìyá ọkọ mi sì máa ń jókòó sí láti ran òwú ló wà nídìí rẹ̀. Kò sí bí o ṣe fẹ́ wọlé tàbí kí o jáde tí o kò ní kí i. Bí o bá ń bínú jáde, wàá kí i. Bí o bá jí ẹran jẹ, wàá kí i, á sì gbóòórùn rẹ̀ lẹ́nu rẹ.

Nígbà tí a gba òmìnira, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti ọ̀nà Òmù-Àrán. Àwọn ère òkúta tó wà lẹ́yìn ìlú ni wọ́n ń wá wò. Wọ́n pọ̀ lọ jàra níbẹ̀, ọkùnrin òkúta, obìnrin òkúta, ẹni tó jókòó, ẹni tó mú idà dání. Àwọn tó wá yìí kì í bọ́ sílẹ̀ nínú ìlú. Wọ́n á sáré kọjá, wọ́n á lọ wo òkúta, wọ́n á sáré padà, eruku wọn á sì bà lé èlùbọ́ tí a sá.

Lọ́jọ́ kan, Àjàdí ń bọ̀ láti ibi tí ó ti ń gbẹ́ amọ̀, amọ̀ dé e lórúnkún. Ọkọ̀ kan dúró tì í. Wọ́n ní, “Níbo làwọn èèyàn òkúta wà?” Ó ní, “Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ọ̀nà.” Wọ́n tún bi í, ó nawọ́ síbẹ̀, wọ́n sì lọ. Nígbà tí ó wọlé, kò tíì fọ ẹsẹ̀ tí ó fi sọ fún mi.

“Àjíkẹ́, wọ́n wá láti ọ̀nà jíjìn wá wo ẹni tí kò lè dáhùn. Wọ́n sì kọjá lára ẹni tó ń kí wọn.”

Mo ní, “Bóyá wọn ò gbọ́.”

Ó ní, “Wọ́n gbọ́. Wọn ò rí mi ni.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló di iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé wa, ó ń mọ pèpéle sí ẹ̀bá ọ̀nà títí dé ibi tí àwọn ère wà, ọ̀kan lábẹ́ igi yìí, ọ̀kan níwájú agbo ilé tọ̀hún, kí ẹni tó ń lọ wo ère lè fẹsẹ̀ rìn, kó sinmi, kó bá ẹni tó ń bó ẹ̀gẹ́ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní òun máa mọ yàrá àlejò kún ilé wa, sí igun ìlà oòrùn.

Ìyá ọkọ mi gbọ́, kò gbé ojú kúrò lára òwú rẹ̀.

“Ta ló máa sùn síbẹ̀?”

“Àlejò ni, Ìyá.”

“Àlejò ta ni?”

“Àwọn tó ń wá wo ère.”

“Kí ère gbà wọ́n sílé nígbà náà.”

Àjàdí dọ̀bálẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ìyá, ẹ̀yin náà lẹ sọ fún wa pé àlejò ni àwọn ère yẹn kí wọ́n tó di òkúta. Ìlú tí àlejò ti di òkúta mọ́ lọ́wọ́ rí, ṣé kò yẹ kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbàlejò?”

Ìyá wa wò ó títí. “Ẹnu rẹ gùn ju àtẹ́rígbà lọ. Lọ po amọ̀ rẹ.”

A po amọ̀ náà. Ó da koríko gígé sí i, a tẹ̀ ẹ́, a bò ó, a tún padà tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ògiri amọ̀ kì í gòkè lẹ́ẹ̀kan. Ìpele kan lẹ máa mọ, kò ní ga ju orúnkún lọ, ẹ óò sì fi í sílẹ̀ kó gbẹ kí ẹ tó gbé òmíràn lé e. Ẹni tó bá kánjú, ògiri á jókòó lé e lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ó mọ ọ́n tán, èmi àti àwọn ìyàwó ilé la fi omi èèpo irúgbá, tí kì í jẹ́ kí òjò fọ amọ̀, ra á, títí ó fi ń dán bí awọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Ó gbé fèrèsé rẹ̀ sókè kí atẹ́gùn lè wọlé kí oòrùn má sì wọlé. Ilẹ̀kùn rẹ̀, ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó rẹlẹ̀, ó sì kọjú sí àárín ilé bíi ti gbogbo wa. Àlejò tó bá ga tó bá ń wọlé á tẹrí ba dandan. Bí ó bá gbàgbé tó fi orí gbá a, Ìyá wa á dáhùn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé, “A gbọ́ o, ìwọ náà ò ní kú.”

Ẹni àkọ́kọ́ tó sùn níbẹ̀, olùkọ́ obìnrin kan ni, tó wá fi lẹ́ẹ̀dì ya àwòrán àwọn ère. Ọjọ́ kan ló fẹ́ lò. Lọ́jọ́ kejì mo bá a lẹ́bàá Ìyá wa tó ń bá a ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Lọ́jọ́ kẹta, Ìyá wa ní kó ya òun náà.

“Ẹ kì í ṣe òkúta, Ìyá.”

“Bí mo ṣe dàgbà tó yìí, kí ló kù?”

Ó yà á. Nígbà tí olùkọ́ yìí ń lọ, ó kúnlẹ̀ fún Ìyá wa nínú eruku, ọmọ ọlọ́mọ. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ó fi lẹ́tà béèrè Ìyá, ó béèrè ewúrẹ́ wa tó máa ń jẹ ìwé rẹ̀. Kò béèrè ère kankan. Àjàdí ní kí n ka lẹ́tà náà fún òun lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Agbo ilé mìíràn rí yàrá náà, wọ́n pe Àjàdí kó wá mọ irú rẹ̀ fún àwọn. Kò pẹ́ tí a fi ní yàrá bẹ́ẹ̀ mẹ́rin ní àdúgbò wa. Bí tiwa bá kún, a ó mú àlejò rìn dé ilé kejì, ìrìn yẹn náà á sì di ìbẹ̀wò.

Ìyá wa kú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gé wa kúrò lára Àríwá, tí a di ìpínlẹ̀ tiwa, tí Ìlọrin di olú ìlú. Iṣẹ́ ìjọba tuntun kún ìgboro, gbogbo ẹni tó ní táì ló ní nǹkan tó fẹ́ tún ṣe.

Ọkùnrin ọ́fíìsì kan dé ilé wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ènìyàn dáadáa ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Àjàdí ò sí nílé, ó lọ mọ ilé fún olùkọ́ kan ní Òrò. Èmi ni mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní ipò Ìyá wa. Mo bu omi fún un. Ó gbà á tọwọ́ méjèèjì, ó mu ún tán, ó dúpẹ́. Mo gbé iṣu sísun àti epo fún un, ó jẹ ẹ́. Ó ti wo yàrá náà, ó fi okùn wọ̀n ọ́n, ó fọwọ́ pa ògiri bí ẹni tó ń pa màlúù lára.

Ó ní, “Ìyá, ilé yìí dára. Kinní kan ló kù díẹ̀ káàtó.”

“Kí ni, sà?”

“Àlejò ò gbọdọ̀ máa gba àárín yín kọjá. Ẹni tó wá gbafẹ́, ó fẹ́ wọlé kó jáde bó ṣe wù ú, láìkí ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ ká dá ilẹ̀kùn sí ẹ̀yìn, sí ìta. Bí ẹ bá gbà, mo máa kọ ilé yín sínú ìwé tí à ń ṣe fún àwọn àlejò ìpínlẹ̀.” Ó na ìka sí ọkọ̀ rẹ̀. Bíríkìlà méjì ló wà nínú rẹ̀. Ó ti mú wọn bọ̀.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ohun kan fún ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ibẹ̀. Nílé wa, ẹni tó bá ti mu omi, ohun tó bá béèrè kó tó dìde, bí a bá ní in, a kì í kọ̀ fún un. Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi lọ́jọ́ tí mo wọlé ọkọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kíyè sí ẹni tí à ń bu omi fún. Ọkùnrin yìí, iṣẹ́ ìjọba ló bá wá. Bí mo bá ti gbà á bí òṣìṣẹ́ ìjọba, ǹ bá ní kó dúró dé baálé. Ṣùgbọ́n mo ti fún un lómi, ó ti di àlejò.

Mo ní, “Kò burú, sà.”

Wọ́n lu ògiri náà kí oòrùn tó wọ̀. Amọ̀ tí a fẹsẹ̀ tẹ̀, kì í fọ́ bíi bíríkì. Ó ń ya bí búrẹ́dì. Wọ́n gbé igi lé e lórí, wọ́n kan ilẹ̀kùn páńkó mọ́ ọn, ọkùnrin náà kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó kí mi, ó lọ.

Lọ́jọ́ kẹta ni Àjàdí dé. Ó wọ yàrá náà. Ó fọwọ́ lé ibi tí wọ́n gé, ó sì dúró pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ó jáde, ó jókòó tì mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Ta ló gbà fún wọn?”

“Èmi ni.”

“Ó mu omi?”

“Ó mu ún.”

“Kó tó sọ ọ́ ni àbí lẹ́yìn tó sọ ọ́?”

“Kó tó sọ ọ́.”

Ó mi orí. “O ò wá ní bí o ṣe máa kọ̀ ọ́.”

Títí tí ó fi kú, kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ẹ̀bi mi. Ì bá sọ ọ́. Ì bá pariwo lé mi lórí lẹ́ẹ̀kan, kí àwọn ìyàwó ilé wá bẹ̀ ẹ́, kó tán.

Àlejò pọ̀ sí i lóòótọ́ fún ìgbà díẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ni mò ń fi sílẹ̀ fún wọn lẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n á dé nígbà tí mo wà lóko, wọ́n á lọ nígbà tí mo wà nídìí odò. Mo máa ń rí ẹní tó wọ́, n kì í rí ẹni tó sùn lórí rẹ̀. Omi tí mo gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ á wà níbẹ̀ dọ̀la. Nígbà tó yá, ìjọba kọ́ ilé sìmẹ́ǹtì kan sí ẹ̀gbẹ́ títì, tó ní fáànù, gbogbo wọn sì kó lọ síbẹ̀. Àwọn náà ò pẹ́ níbẹ̀. Igbó ti bò ó báyìí. Yàrá mẹ́ta yòókù ní àdúgbò wa, ewúrẹ́ ló ń gbé ọ̀kan, èlùbọ́ wà nínú èkejì, ẹ̀kẹta ti wó. Òjò ń gbá àwọn pèpéle lọ díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún.

Tiwa, ìlà kan bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀kùn òde yẹn, ó ń gòkè lọ sí òrùlé. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, Àjàdí á fi amọ̀ dí ìlà náà. Bí òjò bá dé, á tún là. Mo ní, “Kí ló dé tí o ò dí ilẹ̀kùn ọ̀hún fúnra rẹ̀?”

Ó ní, “Ohun tí a bá fún àlejò, àlejò ló ń dá a padà. Bí mo bá dí i, mo sọ ìwọ tí o fún un di òpùrọ́. Á wá lọ́jọ́ kan. Mo máa bẹ̀ ẹ́, á gbà.”

Ọkùnrin ọ́fíìsì kò wá mọ́. Ìwé tó ní òun máa kọ wá sí, a ò rí i. Orí Àjàdí funfun, tèmi náà funfun, ó ṣì ń wo ojú títì bí ọkọ̀ bá dúró. Gbogbo ọdún tó fi ń retí ọkùnrin náà, ọ̀rọ̀ kan tó jáde lẹ́nu mi ló fà á.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà ọyẹ́, à ń gbọ́ ìkéde òkú lórí rédíò Ìlọrin. Wọ́n dárúkọ kan. Mo mọ̀ pé ọkùnrin ọ́fíìsì náà ni kí wọ́n tó parí rẹ̀, nítorí n kì í gbàgbé orúkọ. Mo wo Àjàdí, òun náà wò mí.

Ó ní, “Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.” Ó na ìka sí ilẹ̀kùn òde. “Ó ti dá a padà.”

Lọ́jọ́ kejì ó ní ká lọ gbẹ́ amọ̀. Àwọn ọmọ ní káwọn ránṣẹ́ pe bíríkìlà, ó kọ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, òun náà di tèmi mú, a ń tẹ amọ̀ bí àwọn tó ń kọ́ ìrìn. Ó yọ páńkó ilẹ̀kùn òde, ó mọ ìpele àkọ́kọ́ sójú rẹ̀, a dúró kó gbẹ. Ó mọ èkejì. Ó mọ ẹ̀kẹta. Nígbà tí ó mọ ẹ̀kẹrin tán, àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ìpele kan péré ló kù, àlàfo kékeré kan lábẹ́ igi àtẹ́rígbà. Ó ní kí wọ́n gbé ẹní òun sí yàrá náà, kí òun lè máa wo ògiri.

Láràárọ̀ ló máa ń bi mí pé, “Ṣé ó ti gbẹ?”

Mo máa ń ní, “Kò tíì gbẹ.”

Ó ti gbẹ. Láti ọjọ́ kẹta ló ti gbẹ. Ọyẹ́ tó ń la ètè ènìyàn, amọ̀ wo ni kò ní gbẹ? Ẹ̀rù ló bà mí pé bí mo bá sọ pé ó ti gbẹ, ó máa dìde, ìdìde yẹn ni yóò sì pa á. Mo fẹ́ kó kọ́kọ́ gbádùn. Ó ti mọ amọ̀ láti kékeré, ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Amọ̀ yìí lágídí bí ẹni tó tẹ̀ ẹ́.” Kò tún bi mí mọ́. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, mo gbé ògì wọlé fún un, oòrùn gba àlàfo náà wọlé bà lé e lójú, kò ṣẹ́jú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a máa sin ín, ọ̀mọlé kan dé láti Agbamu. Ọ̀dọ̀ Àjàdí ló ti kọ́ṣẹ́, òun náà ti ní ọmọ-ọmọ. Ó sunkún, ó nu ojú, ó ní, “Ìyá, ṣé kí n gbé ìpele tó kù lé e kí wọ́n tó gbé Bàbá?” Mo ní a jọ máa ṣe é ni. Mo ká aṣọ sókè, mo tẹ amọ̀. Àwọn obìnrin ní opó kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Mo ń ṣù ú, ó ń gbà á lọ́wọ́ mi, ó ń tò ó. Imọ́lẹ̀ òde ń kéré lórí pósí tí wọ́n tẹ́ Àjàdí sí nínú yàrá náà.

Ó ku bí ẹ̀kún ọwọ́ mẹ́ta nígbà tí àwọn agbépósí wọlé, ọkùnrin mẹ́fà láti inú ìjọ. Mo ti bu omi fún wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo wọn ti mu. Olórí wọn wo ilẹ̀kùn inú tó rẹlẹ̀, ó wo pósí, ó wo ògiri tútù.

Ó ní, “Ìyá, ẹ má bínú. Ilẹ̀kùn yìí kò gbà wá dáadáa. Amọ̀ yín ò tíì gbẹ, ẹ jẹ́ ká wó o díẹ̀, ká gba ẹ̀yìn gbé Bàbá jáde. Ọkọ̀ wà níbẹ̀, kò ní í pẹ́. Bí a bá dé, a máa bá yín tún un mọ.”

Ó sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́. Omi ilé wa ṣì wà létè rẹ̀. Ọ̀mọlé dáwọ́ dúró, ó ń wò mí.

Mo ní, “Rárá.”

Ó ní, “Ìyá?”

“Mo ní rárá, ọmọ mi. Ẹ gba àárín ilé.”

Mo fún ọ̀mọlé ní ẹ̀kún ọwọ́ tó kẹ́yìn, ó fi dí i. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n tẹ pósí lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n tẹrí ba, wọ́n sì gbé e gba ilẹ̀kùn kékeré náà jáde sí àárín ilé. Wọ́n gbé e kọjá lẹ́bàá ìkòkò omi òjò, wọ́n gbé e kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo ilé sì kí i.

Ọjọ́ Ẹtì ni. A sin ín sí itẹ́ òkú ìjọ, kí oòrùn tó kan àtàrí.